Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ọkọ̀ Onírọ́bà Inú Gárèéjì Mi

  

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó orí àti bí a ṣe ń tọ́jú rìsíìtì ni mo bá yín sọ. Àwọn kan tẹ̀ mí láago pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kan dá mi dúró níbi ìpàdé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ti owó mọ́. Ẹ kọ nípa ọkọ̀ ojú omi yín." Ó dáa. Ti ọkọ̀ náà ni ti òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ owó kò ní í wọ inú rẹ̀, kò tíì ra ọkọ̀ ojú omi rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. RIB ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, tíúbù rọ́bà ńlá ni, tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bíi ti táyà kẹ̀kẹ́. Ìsàlẹ̀ líle ni ó ń gé ìgbì, tíúbù ni ó ń gbé ọkọ̀ léfòó. Bí omi tilẹ̀ dà sínú rẹ̀, kì í tètè rì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ èyí: àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ yìí. Ní St Donat's, létí òkun ní ilẹ̀ Wales, ilé-ìwé kan wà tó ń jẹ́ Atlantic College. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i. Desmond Hoare ni ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀; ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ onírọ́bà lásán ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọkọ̀ títù lójú òkun, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rọ́bà náà kì í pẹ́ jẹ lórí òkúta etíkun. Òun àti àwọn ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó líle sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é, ó bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, títí ó fi dúró. Nígbà tó yá, RNLI, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ti ń yọ èèyàn nínú ewu omi ní ilẹ̀ yìí láti ọdún 1824, mú un lò. Ní 1972 ni tiwọn, tí wọ́n sọ ní Atlantic 21, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo ni Hoare fi ẹ̀tọ́ tó ní lórí iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó, mo ti wo £1 yẹn títí, n kò tíì rí ọjà tó pọ́n-ùn kan rà tó jù ú lọ.

Bí mo ṣe rà á

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo ra tèmi. Kent ni a ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí odò Medway. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà márùn-ún, ó sì ti lé ní ogún ọdún. £900 ni mo rà á, àti ẹ́ńjìnnì àti tírélà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí mọ́tò ń fà ni.

Ìyàwó mi wo ọkọ̀ náà, ó wá wò mí. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹni tí ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló lọ ra ọkọ̀ ojú omi?" Mo ní ọkọ̀ ni mo rà, n kò ra òkun.

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi ní Ẹpẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, omi gbé ọmọ kíláàsì wa kan lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti kà á léèwọ̀ fún mi láti dé etí omi. Mo gbé èèwọ̀ náà wá sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ilé-ìwé àwọn ọmọ mi bá kọ̀wé pé àsìkò ìlúwẹ̀ẹ́ ti tó, èmi ni mo máa ń wá àwáwí: òní ikọ́, ọ̀la irun ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹ sì wò ó, ó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England pé kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kó tó kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì jáde láìlè wẹ mítà kan. Mo rò pé ìṣọ́ra ni mò ń ṣe.

Kí wá ló dé tí mo fi ra ọkọ̀? Apẹja ni àbúrò bàbá mi. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á dojú ọkọ̀ igi rẹ̀ délẹ̀, á máa fi ìkúùkù kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, á sì dẹ etí sílẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í. Bí mo ṣe rí ọkọ̀ onírọ́bà yẹn lẹ́yìnkùlé ẹni tó ń tà á, ìró yẹn ni mo gbọ́.

Tíúbù

Tíúbù ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí òun ni ojú ń rí. Iyàrá mẹ́ta ló pín sí nínú, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jò, méjì yòókù á ṣì gbé ọkọ̀. Ẹ rántí fọkanáísà ẹ̀bá títì ní ilé: á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù táyà, á rì í sínú abọ́ omi, ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti lu. Tèmi kò ṣeé rì sínú abọ́, nítorí náà mo po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi, mo fi kànrìnkàn pa á lára yíká. Ihò mẹ́rin ni mo rí, àti fáàfù méjì tó ń mí bí àgbàlagbà tó gun òkè.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo fẹ́ tíúbù náà títí ó fi le. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rọ̀. Mo wá ihò títí, n kò rí nǹkan kan. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ka físíìsì nílé-ìwé, ló wá sọ fún mi pé, "Dádì, òtútù ni. Afẹ́fẹ́ máa ń sún kì bó bá tutù." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí oòrùn ti tún yọ, tíúbù tún le. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ooru ọjọ́ bá dọ́gba.

Kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù, ẹ mọ irú aṣọ tí tíúbù yín jẹ́. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni PVC, ike ni, ó máa ń dán. Èkejì ni èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hypalon. Ó jọ rọ́bà, kì í dán tó bẹ́ẹ̀, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ilé-iṣẹ́ DuPont tó ni orúkọ yẹn ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe máa ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo. Gọ́ọ̀mù ti ọ̀kan kì í mú èkejì dáadáa.

Hypalon ni tèmi. Mo gé àbùlẹ̀ tó fi íǹṣì méjì ju ihò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Mo gé igun rẹ̀ kó rí roboto, torí igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mo fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí dídán rẹ̀ fi lọ, mo sì fi omi kẹ́míkà tó bá a mu nù ún. Agolo méjì ni gọ́ọ̀mù náà. A ń po díẹ̀ nínú èkejì mọ́ èkíní kó lè gan. Mo pa á fẹ́ẹ́rẹ́, mo jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo tún pa á. Mo wá gbé àbùlẹ̀ lé e, mo fi rólà tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó fẹ́ tíúbù.

Ẹ má ṣe é nígbà òtútù tàbí òjò o. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Èyí tí mo kọ́kọ́ lẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní láti dúró di oṣù kẹrin. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gárèéjì sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì lo ìbòmú tó ní fílítà kẹ́míkà. Irú èyí tí a lò nígbà kòrónà kò tó. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí nígbà tí agolo bá wà ní ṣíṣí.

Ohun tí ọ̀dà bò

Nígbà tí tíúbù dúró tán, orí mi wú. Mo ra ọ̀dà funfun, mo fi kun pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn pátákó tí a ń so ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó ń dán gbinrin. Mo wá fi ọ̀dà búlúù kọ orúkọ ìyá mi sí i. Ní ìpàdé oṣù kẹfà ọdún 2023, mo dìde, mo kéde pé níbi pínníìkì ẹgbẹ́ wa ní oṣù kẹjọ, èmi fúnra mi máa fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọdé lójú omi, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí pínníìkì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ wa obìnrin ń bá mi ṣiṣẹ́ ní gárèéjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Mo ti sọ ìtàn àbúrò bàbá mi fún un, bó ṣe máa ń kan ọkọ̀ rẹ̀. Òun náà wá ń fi ìdí súkúrù-dírẹ́fà kan pátákó ẹ̀yìn náà. Kó, kó, kó. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó yí padà: pù, pù.

"Dádì, ìró ibí yìí yàtọ̀."

Mo ní, "Fi í sílẹ̀, má ba ọ̀dà mi jẹ́."

Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ṣóńṣó súkúrù-dírẹ́fà náà ti inú ihò bóótù kan. Ó wọlé bí ìgbà tí a ti ìka bọ ẹ̀bà. Omi dúdú sì ń ṣàn jáde, ó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà.

Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ ọn: ta ló ní kí o máa gún un? Ó gbé súkúrù-dírẹ́fà sílẹ̀, ó wọlé lọ. Mo jókòó ti ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fi pọ́tì dí ihò náà, kí n tún un kùn, kí n sì wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò mọ̀? Mo ti kéde, ẹ ti pàtẹ́wọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò. Gbogbo ẹni tí mo bá ká mọ́ ibi tó ti ń fi ọ̀dà kun ìwé owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: a fẹ́ tún un ṣe tó bá yá ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara mi, ojú tì mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mi wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì. Gbogbo agbára tó fi ń ti ọkọ̀ síwájú, ara pátákó yẹn ló ń gbà. Bí pátákó bá ya lójú omi, ẹ́ńjìnnì á já, omi á ya wọlé láti ẹ̀yìn, ọmọ mẹ́rin, ọmọ ẹlòmíràn, á sì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Mo wọlé lọ bá ọmọ mi. Kò rọrùn fún bàbá o, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ní, "Má bínú. Ìwọ lo yọ wá." Ó ní, "Kò sí nǹkan, Dádì. Ṣé ká tú u?" Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Inú gárèéjì mi ni òwe yẹn ti yé mi.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo sọ pé ọkọ̀ kò ní í lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín, ẹ mọ ara yín, ló sọ mí ní Bàbá Nóà. Mo gbà á.

Ọdún tí ọkọ̀ kò lọ

Ìyàwó mi ló sọ ohun tó kàn. Ó ní, "Ó dáa. Bí ọkọ̀ ò bá lè lọ bá omi, ẹ jẹ́ kí àwa fúnra wa lọ." Gbogbo wa forúkọ sílẹ̀ ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí. Olùkọ́ mi kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, òun ló ń kọ́ mi bí a ṣe ń fẹ́ èémí sínú omi. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹja. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ki orí bọ omi, ọmọ kíláàsì wa yẹn ni mo rí. Mo jáde, mo jókòó, mo tún padà wọlé. Oṣù márùn-ún ni mo fi lè wẹ mítà 25. Àwọn ọmọ mi ti ṣe é tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n lò.

Ohun tí mo fi ìbẹ̀rù dù wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló gbà. Ìyá mi kò ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́, kò ní olùkọ́, kò ní ẹni tó dúró létí omi pẹ̀lú fèrè. Èèwọ̀ nìkan ló ní, ó sì fún mi ní ohun tó ní. Èmi ní gbogbo èyí, èèwọ̀ ni mo ṣì ń fún ọmọ.

Bí a ṣe tún pátákó ṣe

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọbìnrin mi tú u. A gé awọ fáíbà inú kúrò, a fi ìgbẹ́ gbẹ́ igi jíjẹrà náà jáde. Ọwọ́ la fi ń bù ú bí ilẹ̀ ọgbà. Ohun tó fa á kò ju ihò bóótù lọ: ẹni tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn nígbà kan rí kò di etí ihò náà, omi sì ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ ní ọdọọdún. A tún kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà, a gbọ́ pù-pù níbẹ̀ pẹ̀lú. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó. A kó gbogbo rẹ̀ jáde, a sì fi èyí tí kì í mu omi rọ́pò rẹ̀.

A jẹ́ kí inú ọkọ̀ gbẹ ní gbogbo ìgbà òtútù, fáànù ń fẹ́ sí i. Ní ìgbà tí ooru dé díẹ̀, a gé plywood ti ọkọ̀ ojú omi méjì, mílímítà 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi epoxy lẹ̀ wọ́n pọ̀, a tì wọ́n sí àyè wọn, a sì fi epoxy tó ki dí gbogbo àlàfo. A wá fi aṣọ fáíbà bò ó ní ìpele ìpele. Fún ihò bóótù, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: a lu ihò tó tóbi ju bóótù lọ, a fi epoxy dí i pátápátá, nígbà tó gan tán, a wá lu ihò bóótù gan-an sí àárín epoxy náà. Báyìí, bí omi bá tilẹ̀ yọ́ wọlé, kò ní í kan igi.

Eruku fáíbà ń yúnni bí wèrèpè. Ẹ wọ aṣọ tó bo gbogbo ara, ẹ dáàbò bo ojú àti imú. Mo gbàgbé ọrùn mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi họ ọ́.

Ọjọ́ omi

Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni a gbé e lọ sí odò Medway. Mo ti lọ kọ́ ìwakọ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó di ìgbà náà. Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ yìí kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n omi kì í bi èèyàn bóyá òfin béèrè. Mo yẹ ìwé àkókò omi wò, nítorí bí òkun bá fà, ẹrẹ̀ ló kù ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́bàá odò yẹn.

Okùn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. A ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, orí rẹ̀ kejì wà níbi tí a ti ń tan ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá ṣubú, okùn á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, nítòsí Padstow ní Cornwall, irú ọkọ̀ yìí da ìdílé kan sómi, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Okùn náà kò sí lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ń yí po fúnra rẹ̀, ó sì padà wá kọlù wọ́n. Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kú, àwọn mìíràn farapa. Okùn tí kò gùn tó apá, tí kò wọ́n. Nínú ọkọ̀ wa, n kì í tan ẹ́ńjìnnì títí ọmọbìnrin mi yóò fi sọ pé, "Mo rí okùn."

Ogún ìṣẹ́jú la lò lójú omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó mi di okùn ẹ̀gbẹ́ tíúbù mú bí ẹni tó di ọ̀pá inú mólúè mú ní Ojúẹlẹ́gbà. Pátákó ẹ̀yìn kò mì. Ní pínníìkì oṣù kẹjọ, mo mú ìlérí mi ṣẹ pẹ̀lú ọdún kan gbèsè: ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn gbogbo wọn, a kò sáré, a kò kúrò nítòsí èbúté.

Ìṣirò

Mo ṣèlérí pé owó á wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo rà á ní £900, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé £500 ni n óò fi tún un ṣe, àpapọ̀, £1,400. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí:

Gọ́ọ̀mù, aṣọ rọ́bà àti kẹ́míkà: £210
Plywood, epoxy àti fáíbà: £340
Fóòmù: £85
Fáàfù méjì: £50
Táyà, bíárìn àti iná tírélà: £165
Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì: £280
Ẹ̀wù ìléfòó, okùn àti rédíò ojú omi: £390
Ẹ̀kọ́ ìwakọ̀: £260

Ó jẹ́ £1,780. Bí a bá fi iye tí mo rà á kún un, ó di £2,680. N kò tíì ka ìnṣọ́ránsì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó mà ju èje lọ o!

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó mú òòlù onírọ́bà dání, kó kan ẹ̀yìn àti ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó mú owó jáde. Kó tú ohun tí kò rí wò kó tó kun ohun tó rí. Bí ọmọdé bá sì sọ fún yín pé ìró kan yàtọ̀, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Èkejì: bí ọmọ yín, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, kò bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọdún yìí kọjá. Ẹni tó bá ń tijú, kó wá bá mi. Ọjọ́ Tuesday ni mo máa ń lọ, mo ṣì ń mu omi díẹ̀díẹ̀.

Fún ẹ̀yin ọmọ

Ẹ fẹ́ bàlúùnù kan, ẹ wọn ìdí rẹ̀ pẹ̀lú okùn, kí ẹ sì fi í sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Ẹ tún un wọ̀n. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó jò ni?

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí kí ìpàdé tó dé: ìgbì, èbúté, atukọ̀, àjẹ̀, ìdákọ̀ró. Ẹni tó bá lè sọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi láìwo ìwé, òun ló máa jókòó síwájú ọkọ̀.

Àlọ́ o! Mo ní ẹrú kan, afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá yó, ó ń gbé mi, bí ebi bá pa á, èmi ni n óò gbé e. Kí ni?

Ó tún di ìgbà mìíràn. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fi ayọ̀ ríra. Ire o.